Ilé Àwọn Sístà: Ìtàn Kóńfẹ́ǹtì Láti Aginjù Íjíbítì Dé Maryland ní Kosofe

Ẹni tó bá wọ dáńfó ní Mile 12, tí ọkọ̀ náà gba Kétu, gba Ọ̀jọ́ta, tó dorí kọ Yaba, yóò gbọ́ tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ké "Maryland! Maryland wọlé!" Orúkọ ìyá Jésù ló wà lẹ́nu ọmọkùnrin yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọkọ̀ ló gbà á lọ́kàn. Ohun tí àwọn àgbà àdúgbò máa ń sọ ni pé àwọn Sístà Ìjọ Àgùdà, àwọn obìnrin tó ti ilẹ̀ Ireland wá, ló fa ilẹ̀ náà lé Màríà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Agnes ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ Maryland Convent náà ṣì wà níbẹ̀, ní ìkángun Kosofe, níbi tí òun àti Ìkẹjà ti pààlà.

Láyé ìgbà tí wọ́n dé, kò sí ọjà Mile 12 tó mọ́ wa lójú yìí. Abúlé àti oko ni Ìkòsì, Kétu, Ògúdù àti Àgbóyì. Àwọn Àwórì ń dáko, wọ́n ń pẹja lẹ́bàá ibi tí Odò Ògùn ti ń wọ inú ọ̀sà. Ẹni tó ń wá ilẹ̀ gbalasa àti ìdákẹ́jẹ́ á rí i níbẹ̀, ohun méjèèjì yìí sì ni ilé àwọn Sístà kì í lè ṣe aláìní. Ìtàn bí àwọn obìnrin wọ̀nyí ṣe dé ibẹ̀ gùn ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò lọ, kò sì bẹ̀rẹ̀ ní Ireland. Mo fẹ́ sọ ọ́ nítorí pé ó ti pẹ́ jù tí a ti fi í sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó láti máa sọ láàárín ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wa ló mọ ògiri ilé náà, ọmọ wa obìnrin ló kún inú rẹ̀, ilẹ̀ wa ló sì bo ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 320, ọkùnrin kan tó ti ṣe sójà rí, Pachomius, kó àwọn ọkùnrin jọ sí Tabennisi lẹ́bàá Odò Náílì. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ayé sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run máa ń dá gbé inú aginjù ni, gẹ́gẹ́ bí Antony tó kú ní ọdún 356. Pachomius ló ní kí wọ́n jọ máa gbé. Ògiri kan yí gbogbo wọn ká, wọ́n jọ ń gbàdúrà, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n ń hun ẹní àti agbọ̀n tà, olórí kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Arábìnrin rẹ̀, Màríà, di olórí ilé àwọn obìnrin. Ní ọdún 404, Jerome túmọ̀ òfin ilé Pachomius sí èdè Látìn, ìlànà náà sì wọ Yúróòpù. Nígbà tí àwọn obìnrin ará Faransé fi máa gbé e dé Èkó, ó ku díẹ̀ kó pé 1,500 ọdún tó ti rìn ìrìn àjò kúrò nílé.

Kò sì kúrò ní Áfíríkà tán pátápátá. Ní Old Dongola, ní ilẹ̀ Sudan, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Poland hú ilé ńlá àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ọlọ́run kan jáde. Ní ọdún 1993, wọ́n rí yàrá ìsìnkú kan lábẹ́ ilé náà, tí wọ́n ti fi èdè Gíríìkì àti Kọ́pítíìkì kọ ìwé mímọ́ sí gbogbo ara ògiri rẹ̀. Òkú ọkùnrin 7 ló wà nínú rẹ̀. Òkúta tó wà níbẹ̀ dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Georgios, tó kú ní ọdún 1113 lẹ́ni ọdún 82. Èèyàn dúdú ni wọ́n, wọ́n sì ní ìjọba tiwọn. Nígbà tí ilé wọn ń hó fún orin àdúrà, kò sí òyìnbó kankan tó tíì fi ọkọ̀ ojú omi dé etíkun wa.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? A kò ní kóńfẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n a mọ obìnrin tí a yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà. Ẹni tí Ṣàngó tàbí Ọ̀ṣun bá mú, wọn yóò fá a lórí, wọn yóò mú un wọnú ilé òrìṣà, níbi tí ojú èèyàn lásán kò gbọdọ̀ tó. Yóò wà níbẹ̀ títí yóò fi mọ orin, oríkì àti èèwọ̀. Tó bá jáde, orúkọ rẹ̀ ti yí padà, ìyàwó òrìṣà sì ni, ìbáà jẹ́ ọkùnrin. Ní Ouidah, Porto-Novo àti Abomey, irú ilé bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn tó ń sin fódù, àwọn ará Benin tó ń sọ Faransé sì ń fi orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ilé àwọn Sístà pè é títí dòní. Àwọn tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ rí ògiri, wọ́n rí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń ṣọ́, wọ́n rí aṣọ kan náà lára gbogbo wọn, wọ́n sì rò pé ọ̀kan náà ni. Ó jọra, ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ti yàtọ̀ gan-an. Ìyàwó Ọ̀ṣun yóò padà sílé ọkọ, ọmọ gan-an ni yóò sì máa tọrọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun. Sístà kò ní bímọ láé. Kò sí ohun tó dun àwọn ìyá wa tó ìyẹn nígbà tí ẹ̀sìn náà dé, mi ò sì rò pé ó yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ẹ̀dùn ọkàn yẹn sẹ́yìn bí ẹni pé àìmọ̀kan ni.

Àwọn tó ń walẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn wá bí ilẹ̀ ṣe lè sọ̀rọ̀ nípa irú ibi bẹ́ẹ̀. Frank Willett ṣiṣẹ́ ní Ìta Yemòó láti ọdún 1957. Peter Garlake walẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbalárá ní ọdún 1971 sí 1972. Wọ́n rí àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró lóòró, tí wọ́n tò wọ́n bí ẹni tó ń hun ẹní. Níbi mélòó kan, wọ́n ri ọrùn ìkòkò mọ́ àárín ilẹ̀ náà, níbi tí wọ́n á ti máa da omi tàbí ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn alálẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé pé ojúbọ nibẹ̀. Ibi tí ọrùn ìkòkò wà, ibi tí ère amọ̀ ṣubú sí, ibi tí àpáàdì parí sí, ìwọ̀nyí ni awalẹ̀pìtàn ń kà. Bí ilẹ̀ tó ti lé ní 600 ọdún bá lè sọ báyìí, ti Èkó tí kò tíì pé 200 ọdún kò yẹ kó dákẹ́.

Ká tó dé Èkó, ẹ jẹ́ ká gba Bahia kọjá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ fojú kan Sístà. Ní ìlú Salvador, wọ́n dá Convento do Desterro sílẹ̀ ní ọdún 1677. Òun ni ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́ ní Brazil. Ọmọ olówó ló ń wọ ibẹ̀, owó orí ìyàwó ńlá ni bàbá wọn ń san fún ilé náà, wọ́n sì ń mú ẹrú wọn dání wọlé. Àwọn obìnrin dúdú ló ń dáná, tí wọ́n ń fọ aṣọ, tí wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n ń lọ ta àkàrà dídùn tí àwọn Sístà ṣe ní ìgboro. Ìyẹn ni ojú àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa fi wo kóńfẹ́ǹtì: láti ilé ìdáná. Ẹ̀jẹ́ àìní tí àwọn ọmọ olówó náà jẹ́ kò kan àwọn tó ń sìn wọ́n.

Nínú ìlú Salvador yìí kan náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì Barroquinha, àwọn obìnrin Nàgó, èyí tí í ṣe Yorùbá, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ Màríà, Ẹgbẹ́ Boa Morte, ti Ikú Rere. Wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n ń ra ẹrú padà, wọ́n ń sin òkú ara wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní Cachoeira dòní, wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn ní oṣù Ògọ́ọ̀sì. Láàárín àwọn obìnrin tó yí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ká náà ni ilé òrìṣà Ìyá Nàsó ti jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Casa Branca, tó ń tẹ̀lé ìlànà ìlú Kétu àtijọ́. Ìjọba Brazil fi í ṣe ohun ìní orílẹ̀-èdè ní ọdún 1984, òun sì ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tó gba irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí Sístà kankan tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Èkó, àwọn obìnrin Yorùbá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé lábẹ́ òfin ilé àdúrà lọ́nà méjì, wọn kò sì rí ìjà láàárín méjèèjì.

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní oṣù January ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ní lé àwọn èèyàn dúdú tó ti gba òmìnira. Ọ̀pọ̀ padà wálé. Àwọn ni Àgùdà Èkó, àwọn ni wọ́n tẹ Pópó Àgùdà dó, tí wọ́n sì mú fèrèsé olóbìírípo dé fún wa. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1880, wọ́n ti lé ní 3,000 ní Èkó. Kí fáda kankan tó fi ìlú náà ṣe ibùgbé ni wọ́n ti ń gbàdúrà. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tó ti ṣe ẹrú rí, tí wọ́n sì tọ́ ní ilé àwọn fáda ní Bahia, ló ń kó wọn jọ. Ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ, ó ń súre fún ìgbéyàwó, ó ń sin òkú. Kì í ṣe Mísà, nítorí kò joyè fáda, ó sì mọ ààlà rẹ̀. Nígbà tí Fáda Francesco Borghero dé láti Ouidah ní ọdún 1863 láti wo Èkó, ìjọ ló bá, kì í ṣe abọ̀rìṣà tó ń dúró de òyìnbó. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń kọ ìtàn Ìjọ Àgùdà máa fi ọkùnrin yìí ṣáájú.

Ẹgbẹ́ tí Borghero wà nínú rẹ̀ ni SMA, ẹgbẹ́ àwọn fáda tó ń lọ sí Áfíríkà, tí Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 8 oṣù December ọdún 1856. Bíṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá sí Freetown ní ọdún 1859. Ọ̀sẹ̀ 6 péré ló lò lórí ilẹ̀ kí ibà pọ́njú tó pa á, òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá. Augustin Planque ló gba ipò rẹ̀ ní Lyon, òun ló sì darí iṣẹ́ náà láti ọ̀nà jíjìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pierre Bouche ni fáda àkọ́kọ́ tó wá gbé Èkó, ní ọdún 1868.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé iṣẹ́ kan wà tí fáda kò lè ṣe. Àwọn ìyá Àgùdà fẹ́ kí ọmọ wọn obìnrin kọ́ ìwé, kó mọ abẹ́rẹ́ lò, kó mọ àdúrà, wọn kò sì ní fa ọmọbìnrin lé ọkùnrin àpọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 1873, àwọn Sístà ti St. Francis láti Couzon, lẹ́bàá Lyon, bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ St. Mary's ní Èkó. Ṣùgbọ́n àwọn Sístà tí Planque yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn kò tó o, kò sì ní àṣẹ lórí wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù May ọdún 1876, ó dá ẹgbẹ́ obìnrin tirẹ̀ sílẹ̀, ó fi wọ́n sábẹ́ Màríà Ìyá Àwọn Àpọ́sítélì. Àwọn ni a mọ̀ sí OLA. Ní ọdún 1877, wọ́n ti dé Èkó, wọ́n sì gba St. Mary's.

Ẹ ro bí ayé wọn ti rí. Aago ń dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àdúrà, Mísà, oúnjẹ òwúrọ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́. Aṣọ onírun àgùntàn tí wọ́n dá fún òtútù Faransé ni wọ́n wọ̀ sínú oòrùn Èkó, ìbòrí lórí, àkámọ́ ní ọrùn. Apá kan ilé wà fún àlejò. Apá kejì, àlejò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ìbáà jẹ́ bàbá tó bí ọmọ. Ibà ń mú wọn, wọn kò sì mọ ohun tó ń fà á. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó fi hàn ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Kó tó dìgbà náà, afẹ́fẹ́ irà ni wọ́n ń dá lẹ́bi, wọ́n ń ti fèrèsé, ẹ̀fọn sì ti wà nínú ilé pẹ̀lú wọn. Àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé 30 ọdún ń kú, Lyon sì ń rán òmíràn. Èmi kì í lè ka ìtàn yẹn kọjá wẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì, tí ìdí sì wà fún un nígbà mìíràn, kó rántí pé wọ́n mọ̀ pé ikú ń bẹ níbẹ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀.

Ilé tí wọ́n ń gbé kò ti Faransé wá. Àwọn mọlémọlé Àgùdà ló mọ ọ̀nà ìkọ́lé ní Èkó nígbà náà. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880. Mọlémọlé ìran yẹn kan náà, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Ọwọ́ tó ń gbẹ́ òdòdó sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbẹ́ ẹ sára ògiri mọ́sálásí, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Èdè wá di wàhálà. Àwọn Àgùdà ń sọ Potogí, àwọn Sístà ń sọ Faransé, àwọn ọmọ ń sọ Yorùbá níta, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ní ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́mọ kò ní gba owó ìrànwọ́. Ibi tí Ireland ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní ọdún 1887, OLA ṣí ilé sí Cork kí wọ́n lè rí ọmọbìnrin tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ìdí owó ìjọba ni àwọn ọmọ Ireland fi kún Èkó, tí ọmọ wa fi ń fi ohùn Cork ka ìwé, tí Potogí sì kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá Àgùdà. Orúkọ ló kù: da Silva, Pereira, Fernandez. Ó dùn mí fún èdè yẹn.

Láti Èkó, iṣẹ́ náà ràn. Ní Topo, lẹ́bàá Badagry, àwọn fáda bẹ̀rẹ̀ oko ńlá ní ọdún 1876. Wọ́n gbin àgbọn, wọ́n kó àwọn ọmọ òrukàn àti àwọn tí wọ́n rà kúrò lóko ẹrú síbẹ̀, àwọn Sístà sì wá tọ́jú àwọn ọmọbìnrin. Òfin ibẹ̀ le. Ní Abẹ́òkúta, Fáda Jean-Marie Coquard dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Láńtòrò ní ọdún 1895, òun sì wà lára àwọn ilé ìwòsàn tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Orúkọ Coquard ni gbogbo Ẹ̀gbá mọ̀, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wẹ egbò, tó ń ṣọ́ aláìsàn mọ́jú, Sístà ni, orúkọ tiwọn ò sì sí lára òpópónà kankan.

Ohun kan wà tí kò jẹ́ kí wọ́n lè ran àwọn aboyún lọ́wọ́ bí ó ṣe yẹ. Títí di ọdún 1936, òfin Ìjọ kò gbà kí Sístà gbẹ̀bí tàbí kó kọ́ iṣẹ́ dókítà tó jẹ mọ́ ìbímọ. Ní ilẹ̀ tí obìnrin ti ń kú lórí ìkúnlẹ̀, ẹ ò rí i pé ìyẹn pọ̀. Ní oṣù February ọdún yẹn ni Róòmù yí òfin náà padà. Kíákíá ni èso rẹ̀ hàn ní Nàìjíríà. Ní oṣù April ọdún 1937, obìnrin Ireland kan, Marie Martin, jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ní Port Harcourt níbi tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀ sí, ẹgbẹ́ àwọn Sístà oníṣègùn tó dá sílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Àsìkò yẹn náà ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí wọlé tí kì í ṣe bí ọmọ ilé ìwé tàbí alásè mọ́. Ní Calabar, ẹgbẹ́ Handmaids of the Holy Child Jesus ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1931. Ní ọdún 1937, ẹgbẹ́ Immaculate Heart of Mary bẹ̀rẹ̀ ní Onitsha. Ní apá tiwa, Bíṣọ́ọ̀bù Leo Hale Taylor dá ẹgbẹ́ Eucharistic Heart of Jesus sílẹ̀ ní ọdún 1943 fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Ẹ gbé ohun tí ọmọbìnrin Yorùbá àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ ní láti sọ fún ìyá rẹ̀ yẹ̀ wò. Kò ní lọ ilé ọkọ, kò sí ìdána, kò sí ọmọ-ọmọ tí ìyá yóò gbé pọ̀n. Ìdáhùn tí àwọn èèyàn wa wá fún un ni pé wọ́n ń pe àwọn obìnrin náà ní ìyá. Ẹni tó tọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ ọlọ́mọ, kò sẹ́ni tó lè pè é ní àgàn. Bí àṣà wa ṣe gba ẹ̀jẹ́ náà mọ́ra nìyẹn, lójú mi.

Báwo ni wọ́n ṣe kúrò ní erékùṣù Èkó tí wọ́n fi dé ọ̀nà Ìkòròdú? Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ló wọ Èkó ní ọdún 1924, ó sì pẹ́ kó tó lọ. Ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú ṣe, wọ́n wó ilé tó há mọ́ra, wọ́n pín ilẹ̀ ní Yaba. Èrò ń lọ sí òkè, ilé ìwé ń tẹ̀ lé èrò. St. Gregory's bẹ̀rẹ̀ ní Obalende ní ọdún 1928. Àwọn Sístà OLA bẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Agnes fún àwọn obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ní Yaba, nínú àwọn ọdún 1930. Ní ọdún 1945, ẹgbẹ́ mìíràn, Society of the Holy Child Jesus, ṣí Holy Child College. Àwọn fáda Dominican dé Yaba láti Amẹ́ríkà ní ọdún 1951. Maryland ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà kan náà, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀, tí oko ṣì wà láàárín òun àti Kétu. Orúkọ St. Agnes tó ti wà ní Yaba sì ni ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ń jẹ́ títí dòní.

Mi ò rò pé a tíì mọ iye ohun tí ilé tí wọ́n fi ń kọ́ obìnrin ní iṣẹ́ tíṣà ṣe fún wa. Ọmọbìnrin kan láti Ìjẹ̀bú tàbí Badagry yóò wọ ibẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, yóò jáde, yóò gba owó oṣù tirẹ̀, yóò lọ dúró níwájú 40 ọmọ ní Ìkòsì tàbí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù January ọdún 1955, tíṣà ni wọ́n ń wá lójú méjèèjì, àwọn obìnrin tí Sístà kọ́ sì wà lára àwọn tó dí àlàfo yẹn.

Nínú àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Èrò ọkàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára, kí gbogbo ọmọ lè kàwé, ṣùgbọ́n ilé ń bàjẹ́, kíláàsì ń kún àkúnya. Ní ọdún 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí dá wọn padà. Láàárín ìgbà méjèèjì, ìwé orúkọ sọnù, àwòrán sọnù, wọ́n wó ilé ìdáná, wọ́n dí kànga, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sára ògiri. Àwọn Sístà fúnra wọn ti yí padà. Lẹ́yìn ìpàdé ńlá tí Ìjọ ṣe ní Róòmù láti ọdún 1962 sí 1965, ọ̀pọ̀ wọn gé aṣọ kúrú, wọ́n ń wọ àǹkárá nígbà mìíràn, wọ́n ń wa mọ́tò. Àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí, ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn.

Níbí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn awalẹ̀pìtàn wa dá sí i. Roberta Gilchrist, tó kọ̀wé jáde ní ọdún 1994 nípa ohun tí ilẹ̀ ń sọ nípa àwọn ilé Sístà àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé àwọn onímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ kò kà wọ́n sí. Ilé àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń walẹ̀ sí, wọ́n ń wọn ti obìnrin mọ́ ọn, wọ́n sì ń sọ pé ó kéré. Obìnrin yìí fi hàn pé àwọn Sístà kò kọ́ ilé wọn láti jọ ti ọkùnrin. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ sìn ládùúgbò, wọ́n sì kọ́ ọ fún ìyẹn. Irú ojú yẹn ni mo fẹ́ kí a fi wo Pópó Àgùdà, Topo, Láńtòrò àti Maryland. Kò sí wúrà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ohun tí ẹni tó bá walẹ̀ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń rí ni abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà tó já, ṣíléètì tó fọ́, ìgò oògùn ibà, àwo ilẹ̀ òyìnbó àti ìkòkò ìbílẹ̀ tó dàpọ̀ mọ́ra nínú ààtàn kan. Ààtàn yẹn gan-an ni yóò sọ fún wa bóyá àwọn Sístà ń jẹ ẹ̀bà ní ọdún 1890, àti bóyá ilé ìdáná kan ni gbogbo wọn ń lò tàbí méjì.

Èkó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ilé Ilojo Bar, tí àwọn Àgùdà kọ́ sí Tinubu Square, tí ìjọba kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù September ọdún 2016. Kátákátá ló wó o ní ọjọ́ ìsinmi. Òfin tó dá àjọ àwọn mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní ọdún 1979 wà nílẹ̀, kò gbà á sílẹ̀. Bí ilé tí òfin dáàbò bò bá lè lọ báyẹn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ilé ìfọṣọ àwọn Sístà tí kò sí lórí ìwé kankan? Ilẹ̀ Maryland wọ́n báyìí ju bí àwọn tó fún wọn ní oko rò lọ.

Ohun méjì ló ṣeé ṣe láì tíì fọwọ́ kan ṣọ́bìrì. Lẹ́tà tí àwọn fáda SMA kọ láti Èkó sí Lyon wà ní Róòmù, èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ Faransé ní Fásitì Ìbàdàn àti Fásitì Èkó lè kà wọ́n, kí wọ́n sì fi Yorùbá sọ fún wa ohun tó wà níbẹ̀. Èkejì kánjú ju ìyẹn lọ. Àwọn obìnrin tó kọ́ṣẹ́ tíṣà lọ́dọ̀ àwọn Sístà nínú àwọn ọdún 1950 ti lé ní 80 ọdún báyìí. Ọmọ wọn àti ọmọ-ọmọ wọn ní fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀. Kí wọ́n bi màmá pé aago mélòó ni wọ́n ń jí, ibo ni kànga wà, ta ló ni oko tó wà lẹ́yìn ògiri, orin wo ni wọ́n fi ń sin òkú Sístà. Kí wọ́n bi í pé ta ló ń dáná, ta ló ń fọ aṣọ funfun wọ̀nyẹn, àti kí ni orúkọ wọn.